WhatsApp, Google, Facebook tàbí rédíò? Ìfiwéra fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí búlọ́ọ̀gù ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí búlọ́ọ̀gù ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà tàbí ní Òmù-Àrán, tó sì ń fi Yorùbá kọ ọ́, ìmọ̀ràn tó máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kó wà níbi gbogbo. Kó wà lórí WhatsApp, kó wà lórí Facebook, kó ya fídíò, kó lọ sí rédíò, kó sì rí i pé Google mọ òun. Èmi kò fara mọ́ ìmọ̀ràn yẹn. Ẹni kan ṣoṣo tó ń kọ̀wé lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ kò lè bójú tó ọ̀nà mẹ́fà pa pọ̀. Àárẹ̀ á mú un, ọ̀rọ̀ tuntun kò ní jáde mọ́, búlọ́ọ̀gù náà á sì kú síbẹ̀. Ọ̀nà méjì ti tó fún ọdún àkọ́kọ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí kálukú lè mú méjì tó bá ohun tó ń kọ mu.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kọ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í pẹ́ gbó. Iye tí wọ́n ń ta àpò àlùbọ́sà ní ọjà Ìpàtà lónìí, ibi tí ọkọ̀ ti dí pa ní Challenge, ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan máa gbé orúkọ àwọn tó rí àyè wọlé jáde: bí ọjọ́ méjì bá ti kọjá lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó tún ń wá a. Kí Google tó mọ̀ pé ẹ kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ti di àná. WhatsApp ló tọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ mìíràn kì í gbó. Ẹ wo Èsìé ní gúúsù Kwara. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí fún wọn lọ́dún 1945 ló sì jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọdọọdún ni akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń wá ìtàn yìí, ọdọọdún ni àlejò ń bèèrè ọ̀nà ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkòkò tí àwọn ìyá wa ń mọ ní Dàda, l'Ókèlélé. Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ òkè tí wọ́n ń hun ní Ìlọrin, ìjàkadì Ọ̀fà, oríkì àwọn ìlú Ìgbómìnà, àti bí wọ́n ṣe ń ṣe wàrà. Ẹ kọ ọ́ dáadáa lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á máa kà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ orí status WhatsApp nìkan lẹ gbé e sí, wákàtí 24 péré lẹ fún un láyé.

Bí ẹ bá ti mọ èyí tí tiyín jẹ́, ìdajì yíyàn náà ti parí.

| Ọ̀nà | Ìgbà tí òǹkàwé máa dé | Bó ṣe ń pẹ́ tó | Ohun tó máa ná yín |
|---|---|---|---|
| WhatsApp | Ọjọ́ náà gan-an | Ọjọ́ kan tàbí méjì | Dátà díẹ̀, àti ìbáṣepọ̀ gidi pẹ̀lú èèyàn |
| Google | Ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà mìíràn oṣù | Ọdún | Sùúrù, àti iṣẹ́ tó péye |
| Facebook | Ọjọ́ náà tàbí ọjọ́ kejì | Ọjọ́ mélòó kan | Àkókò. Owó tún ni bí ẹ bá polówó |
| Rédíò | Bí ètò bá ṣe ń lọ lọ́wọ́ | Bí orúkọ yín bá ṣe rọrùn láti rántí tó | Ìmúrasílẹ̀, owó ọkọ̀ |

WhatsApp

Ní agbègbè wa, èyí ni ibi tí àwọn èèyàn ti ń ríra jù lórí fóònù. Àwọn tó jọ jáde ilé-ìwé ní gúrúùpù, àdúgbò ní tiwọn, jàmáà mọ́sálásí ní tiwọn, akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ní tiwọn. Ti ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú tún wá lágbára ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí gúrúùpù kan ṣoṣo lè kó ọmọ Ọ̀fà tó wà l'Ékòó, tó wà ní Kánò àti èyí tó wà ní London jọ. N kò mọ ọ̀nà mìíràn tó lè fún òǹkọ̀wé tuntun ní àádọ́ta òǹkàwé àkọ́kọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Inú WhatsApp fúnra rẹ̀ ọ̀nà mẹ́rin ló wà, wọn kò sì jọra. Status rọrùn, àmọ́ ó ń parẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24. Gúrúùpù lè gba èèyàn 1,024, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín á máa bá ìkíni ọjọ́ ìbí àti ìkéde òkú du àyè níbẹ̀. Channel dé ọ̀dọ̀ wa lọ́dún 2023: kò ní gbèdéke, ẹni tó ń tẹ̀lé yín kò sì ní rí nọ́ńbà yín, àmọ́ ẹ kò ní lè jọ máa sọ̀rọ̀ bíi ti gúrúùpù. Ẹ̀kẹrin ni broadcast, àtẹ orúkọ tí ẹ fi ń fi ìfiránṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Èèyàn 256 ni àtẹ kọ̀ọ̀kan ń gbà, kìkì ẹni tó bá ti tọ́jú nọ́ńbà yín sórí fóònù rẹ̀ ló sì ń rí i gbà.

Broadcast ni mo yàn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí àwọn kan kà sí àléébù rẹ̀ gan-an ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀: ẹni tó tọ́jú nọ́ńbà yín ti fi hàn pé òun fẹ́ gbọ́ tiyín. Ìfiránṣẹ́ náà ń bá a lójú ibi tí ẹ̀yin méjèèjì ti ń sọ̀rọ̀, tó bá sì fèsì, ẹ̀yin nìkan lẹ máa rí i. Ibẹ̀ lẹ ti máa gbọ́ pé “orúkọ bàálẹ̀ yẹn kọ́ nìyẹn o” tàbí “ẹ tún kọ nípa ilé wa.” Ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ṣeyebíye fún òǹkọ̀wé tuntun ju ẹgbẹ̀rún ojú tó kàn wò ó kọjá lọ. Ìgbà tí ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà yín ni kí ẹ wá ṣí Channel.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé kò rò. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ń ta dátà kékeré kan tó jẹ́ ti WhatsApp nìkan, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń rà á nítorí owó rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó bá wà lórí irú dátà bẹ́ẹ̀ ń rí ìfiránṣẹ́ yín, àmọ́ bó bá tẹ líǹkì, kò ní ṣí. Kì í ṣe pé kò fẹ́ kà á. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi líǹkì lásán ránṣẹ́ pẹ̀lú “ẹ jọ̀ọ́ ẹ tẹ ibí.” Ẹ fi gbólóhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ní èrè nínú ṣáájú. Bí ẹ bá kọ nípa owó ọkọ̀ láti Offa Garage dé Òmù-Àrán, ẹ dárúkọ iye náà nínú ìfiránṣẹ́, kí líǹkì wá tẹ̀lé e fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ sí i. Èyí tún ń lé ìfura lọ, nítorí àwọn gbájú-ẹ̀ ti fi líǹkì jí owó àwọn èèyàn wa kó tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà tó gbọ́n kì í tẹ ohun tí kò mọ orísun rẹ̀.

Fún àwọn àgbà, ẹ fi ohùn yín ka ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ fi ránṣẹ́ ní voice note, kí líǹkì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbọ́ Yorùbá ju èmi àti ẹ̀yin lọ, lẹ́tà kéékèèké lórí fóònù ló ń dà wọ́n láàmú.

Ẹ tún jẹ́ kí ìwà ṣáájú. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ alábòójútó gúrúùpù kí ẹ tó gbé ohunkóhun síbẹ̀. Bó bá jẹ́ gúrúùpù ìlú, ẹ kí wọn dáadáa, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa,” kí ẹ sì sọ ilé tí ẹ ti jáde wá. Ní Ìlọrin, bí wọ́n bá ti mọ ilé yín, wọ́n á ka ọ̀rọ̀ yín bí ti ọmọ ẹni. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lásìkò ìrun Jímọ̀ tàbí nígbà tí wọ́n ń ṣínu lọ́wọ́. Lẹ́yìn Ìṣáì, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ọwọ́ máa ń dilẹ̀ díẹ̀.

Àìlera WhatsApp ni pé kò ní ìrántí. Ẹni tó bá ń wá ohun tí ẹ kọ lóṣù tó kọjá kò ní tètè rí i níbẹ̀. Ẹ má sì gbé gbogbo ìrètí lé kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́, nítorí láti ọdún 2020, ọ̀rọ̀ tó bá ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá, ojú ibi kan ṣoṣo ni WhatsApp ń jẹ́ kí a fi ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ kò bá sì fi nǹkan kan ránṣẹ́, òǹkàwé kò ní dé rárá.

Google

Google ni òdìkejì rẹ̀. Ẹ lè kọ̀wé fún oṣù méjì kí ẹ má rí ẹnikẹ́ni láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tó bá wá mọ̀ yín tán, ẹ lè wà lójú oorun kí ẹnì kan ní Amẹ́ríkà máa ka oríkì ìlú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ ṣe ni kí ẹ forúkọ búlọ́ọ̀gù náà sílẹ̀ ní Google Search Console. Ọ̀fẹ́ ni. Ibẹ̀ lẹ ti máa fi àkójọ ojú-ewé yín, tí wọ́n ń pè ní sitemap, han Google. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn jáde lè gba ọjọ́ díẹ̀, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ibẹ̀ náà lẹ ti máa rí ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn tẹ̀ kí wọ́n tó bá yín pàdé, mo sì ka èyí sí irinṣẹ́ tó dára jù lọ́wọ́ òǹkọ̀wé.

Àǹfààní ńlá wà fún ẹni tó ń kọ Yorùbá níbí. Ẹni tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa bí èèyàn ṣe ń rówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹgbàágbèje ló ti ṣáájú rẹ̀. Ẹ wá fi Yorùbá tó já gaara kọ bí wọ́n ṣe ń mọ ìkòkò Dàda láti orí amọ̀ títí dé orí iná, kí ẹ wo ẹni tí ẹ máa bá lójú ọ̀nà. Àyè pọ̀ níbẹ̀.

Àkọlé ló ń pinnu. “Ìrìn-àjò mánigbàgbé” lè dùn létí, ṣùgbọ́n ta ló máa tẹ ìyẹn sórí Google? “Bí a ṣe ń dé Owu Falls láti Ìlọrin” ni ẹni tó fẹ́ lọ máa tẹ̀. Ẹ fi ìbéèrè òǹkàwé ṣe àkọlé, kí ẹ sì dáhùn rẹ̀ nínú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ kí ẹ tó máa ṣẹ̀ṣọ́.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn gba ìfarabalẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi àmì sí i nígbà tí wọ́n bá ń wá nǹkan: “Offa” ni wọ́n ń tẹ̀, “oriki Omu Aran” ni wọ́n ń tẹ̀. Àwọn kan wá gbà pé kí òǹkọ̀wé náà yọ àmì kúrò nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ jókòó ìdánwò Yorùbá ti WAEC àti olùkọ́ tó ń wá ohun tó máa fi kọ́ ọmọ nílò ohun tí a kọ bó ṣe yẹ, ẹ̀yin náà sì lè fi Gboard, àtẹ bọ́tìnnì ti Google, tẹ àmì lórí fóònù, ó ní bọ́tìnnì Yorùbá. Ohun tó yẹ ni pé kí àkọlé àti ọ̀rọ̀ ní àmì wọn pé, kí líǹkì má ní àmì kankan, kí ẹ sì jẹ́ kí orúkọ náà fara hàn láìní àmì níbì kan, nínú àpèjúwe kékeré tàbí lábẹ́ àwòrán. Bí “ẹ” bá wọ inú líǹkì, tí ẹ bá da líǹkì náà sórí WhatsApp, ó lè yọ bíi %E1%BA%B9, ẹni tó bá rí i á sì rò pé jìbìtì ni.

Ẹ tún máa ka oṣù. Ìdánwò WAEC ti àwọn ọmọ ilé-ìwé girama máa ń bọ́ sí nǹkan bí oṣù karùn-ún sí ìkẹfà, nítorí náà ohun tó bá jẹ́ ti àròkọ àti àṣà gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ láti oṣù kìn-ín-ní. Ẹni tó fẹ́ kọ nípa Durbar ọdún Iléyá ní Ìlọrin, kó kọ ọ́ nígbà tó bá ku oṣù kan, kó má dúró di ọjọ́ tí ẹṣin bá jáde. Bí Unilorin, KWASU ní Màlété, Poly Ọ̀fà àti Landmark ní Òmù-Àrán bá fẹ́ wọlé, àwọn ọmọ tuntun á máa wá owó yàrá, ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ àti ibi tí oúnjẹ ti rọjú. Kò sí ẹni tó lè dáhùn yẹn bí ẹni tó ń gbé Tánkè.

Facebook

Facebook wà láàárín àwọn méjèèjì, n kò sì dámọ̀ràn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà àkọ́kọ́. Láti oṣù kìn-ín-ní 2018 ni wọ́n ti yí i padà kí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ àti ẹbí máa ṣáájú ti àwọn Page, ìyẹn ojú ìwé tí ilé-iṣẹ́ tàbí búlọ́ọ̀gù ń ṣí fún ara rẹ̀. Page tuntun tí ẹ ṣí lónìí á dà bí ẹni ń kéde nínú ọjà tó ti tú. Ojú ìwé tiyín fúnra yín àti àwọn gúrúùpù ìlú lóunjẹ wà.

Ohun tó ń mú èèyàn wá níbẹ̀ ni àwòrán. Ẹ gbé àwòrán àtijọ́ kan jáde tí ẹ ní àṣẹ láti lò, bóyá ti ọjà, ti ilé-ìwé tàbí ti ìgbéyàwó ìgbà kan, kí ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, kí ẹ sì bèèrè èyí tí ẹ kò mọ̀. Àwọn àgbà á dárúkọ ẹni tó dúró lápá òsì, wọ́n á sọ ọdún rẹ̀. Ẹ kó ìyẹn lọ sí búlọ́ọ̀gù, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ ti rí àròkọ tí Google máa tọ́jú nìyẹn.

Ní ti ìpolówó olówó, ẹ lè ní kí Facebook fi han àwọn tó wà ní Ìlọrin àti àyíká rẹ̀ nìkan, owó kékeré sì tó fi bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má ná kọ́bọ̀ sí i títí búlọ́ọ̀gù fi ní àròkọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán. Ẹni tó wọlé tí kò rí ju méjì lọ kà, kò ní padà.

Rédíò

Àwọn tó ń kọ̀wé lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í rántí rédíò, ó sì ń dùn mí. Radio Kwara wà, Sobi FM wà, Harmony FM wà ní Ìdọ̀fìán, Unilorin FM wà nínú ọgbà yunifásítì, gbogbo wọn ló sì ń fẹ́ ẹni tó ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu. Ẹ kọ lẹ́tà sí atọ́kùn ètò Yorùbá kan, kí ẹ sọ ohun kan pàtó tí ẹ lè ṣàlàyé. “Mo ní búlọ́ọ̀gù” kò lè gbé yín dé ibẹ̀. “Mo ti bá àwọn tó ń mọ ìkòkò sọ̀rọ̀, mo sì mọ ìdí tí ọjà wọn fi ń lọ sílẹ̀” lè gbé yín dé ibẹ̀.

Ìṣòro rédíò ni pé kò sí líǹkì nínú rẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ yín ń wakọ̀ tàbí ń ro ọkà. Orúkọ búlọ́ọ̀gù yín gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó lè gbọ́ lẹ́ẹ̀kan kó sì tẹ̀ láìṣì, kó má sí nọ́ńbà tàbí àmì ìdábùú nínú rẹ̀. Bí owó bá wà, ẹ ra orúkọ tiyín tó parí sí .ng tàbí .com.ng.

TikTok àti Instagram dára fún ẹni tó ń kéwì tàbí tó ń se oúnjẹ lójú kámẹ́rà. Fún ẹni tó ń kọ̀wé, fídíò ni àwọn tó wà níbẹ̀ ń wò, wọn kì í sábà wá sí búlọ́ọ̀gù láti kàwé. Ìwé pélébé lára ògiri kò wúlò àfi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé-ìwé, lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. Àwọn tó ń sọ pé “tẹ̀ lé mi kí n tẹ̀ lé ọ,” àti àwọn tó ń ta òǹkàwé ní ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún, ẹ yẹra fún wọn pátápátá: àwọn yẹn kì í kàwé, bí wọ́n bá sì ń tẹ ìpolówó AdSense yín, èyí tí Google ń gbé sórí búlọ́ọ̀gù tó sì ń sanwó lé, nítẹ̀kutẹ̀, Google lè ti àpamọ́ yín pa.

Èyí tí mo máa mú

Ẹni tó ń kọ ìròyìn àdúgbò àti iye ọjà: WhatsApp broadcast, lẹ́yìn náà gúrúùpù Facebook. Kó má gbé ìrètí lé Google fún ọdún kan.

Ẹni tó ń kọ ìtàn, oríkì, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìrìn-àjò: Google ni àkọ́kọ́, kó sì fi WhatsApp gba ara rẹ̀ níyànjú nígbà tí Google bá ṣì ń falẹ̀. Bí ó bá mọ̀rọ̀ọ́ sọ, kó fi rédíò kún un.

Ẹni tó ń kọ fún akẹ́kọ̀ọ́: Google àti gúrúùpù kíláàsì lórí WhatsApp.

Ẹni tó ń kọ nípa ìlú kan ṣoṣo, bíi Òró tàbí Àjàṣẹ́-Ìpo, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ti wà lẹ́yìn odi: gúrúùpù ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú ni ọ̀nà rẹ̀, àwòrán Facebook sì ni ìkejì.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ dín ìwúwo ojú-ewé yín kù. Lóṣù kìn-ín-ní 2025 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, gbogbo wa la sì mọ̀ ọ́n lápò. Àwòrán tí fóònù yà lè wúwo tó MB 4. Ẹ fún un pọ̀ kó má ju KB 150 lọ kí ẹ tó gbé e sókè. Ẹ fi fóònù kékeré tí owó rẹ̀ kò pọ̀ dán ojú-ewé náà wò, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti fi bẹ́ẹ̀ dára. Bí kò bá tètè ṣí níbẹ̀, òǹkàwé yín náà kò ní dúró dè é.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ ṣí Search Console, kódà bó jẹ́ WhatsApp lẹ yàn, kí ẹ wo ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn tẹ̀ tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ẹ bá rí ìbéèrè kan níbẹ̀ tí ẹ kò tíì dáhùn, òun ni kí ẹ kọ tẹ̀lé e.